Epo Tí Ń Kán Lábẹ́ Lọ́rì Wa: Ta Ni Kí Ó San Owó Àtúnṣe Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sí ojú ìwé yìí kò jọ ọ̀rọ̀ ńlá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ti owó ẹgbẹ́ tí àwọn kan kò tíì san. Ọ̀rọ̀ dísẹ̀lì tí ń kán tó, tó, tó, lábẹ́ lọ́rì ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba gáréèjì kọjá ní Lọ́kọ́ja ní ìdájí yóò rí àmì dúdú lórí ilẹ̀ níbi tí lọ́rì àtijọ́ kọ̀ọ̀kan sùn sí. Àwa oníṣòwò tí a ń kó ẹrù wa sínú àwọn lọ́rì náà, ṣe ni a máa ń ká aṣọ wa sókè, a ó fo àmì náà, a ó sì máa bá tiwa lọ. Mo fẹ́ sọ ìdí tí kò fi yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Mo sì fẹ́ sọ ẹni tí mo rò pé ẹ̀bi náà wà lọ́rùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan nínú wa tí wọ́n ní ọkọ̀ kò níí dùn sí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ lọ́rì fi kan àwa ará Lọ́kọ́ja ju àwọn ará wa ní Kàdúná tàbí Kánò lọ. Àwọn bàbá wa tí wọ́n lọ tẹ̀dó sí Minna, Kàdúná àti Kánò, rélùwéè ni púpọ̀ nínú wọn wọ̀ débẹ̀. Lọ́kọ́ja kò ní rélùwéè rí. Nígbà tí Lugard fi ìlú yìí ṣe ibùjókòó ìjọba Àríwá ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1900, ọkọ̀ ojú omi ni ń kó ẹrù gba orí Ọya wá. Rélùwéè tí ń ti Ìtakpè lọ sí Warri, tí ìjọba ṣí ní ọdún 2020, ọ̀nà Àjàòkúta ni ó gbà, kò yà sọ́dọ̀ wa. Nítorí náà títì ni a gbójú lé. Gàárì, obì, epo pupa àti aṣọ láti ilé ń gòkè lọ. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà, tòmátì àti ata gbígbẹ ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Bí lọ́rì bá kú sí ọ̀nà Kàbbà tàbí sí ìwájú Kọ́tọ́n Kàrfì, ẹ̀wà lè dúró dè é, ṣùgbọ́n tòmátì kò mọ ohun tí à ń pè ní sùúrù.

Ọ̀pọ̀ nínú lọ́rì tí ń ru ẹrù wa dàgbà ju dírẹ́bà tí ń wà á lọ. Mercedes 911 ṣì wà láàárín wọn, irú èyí tí ó ti wà lójú títì láti bíi ọdún 1960 sí 1970. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́fà, kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú, mẹkáníìkì tí ó ní sípánà méje tàbí mẹ́jọ lè tú u palẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò kí ó sì tò ó padà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ìgbàlódé kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára tí ó fi ń ti epo nínú páìpù rẹ̀ ju ìlọ́po 200 agbára afẹ́fẹ́ inú táyà lọ́rì lọ, ìdọ̀tí díẹ̀ báyìí ti tó láti bà á jẹ́, àtúnṣe rẹ̀ sì ń fẹ́ ẹ̀rọ tí kò sí ní gbogbo gáréèjì. Nítorí náà èmi kò sí lára àwọn tí ń sọ pé kí a kó gbogbo lọ́rì àtijọ́ dànù. Ohun tí mo ń sọ ni pé arúgbó ní oúnjẹ tí ó yẹ kí a máa fún un, a kò sì ń fún un.

Ẹ fara balẹ̀ kí n ṣe àlàyé ohun tí asẹ́ epo, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fìlítà, ń ṣe, nítorí bí a kò bá mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni ni yóò fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ wa. Ará Jámánì kan, Rudolf Diesel, ni ó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí títí tí ó fi ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọdún 1897. Kò lo púlọ́ọ̀gì bí ti pẹtiróòlù. Ṣe ni ó ń fún afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ nínú sílíńdà títí yóò fi gbóná janjan, lẹ́yìn náà yóò fọ́n epo sí i, epo náà yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Pọ́ǹpù tí ń fi agbára ti epo lọ sí nọ́sù, àwọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí irun orí kò fi lè kọjá láàárín wọn. Iyanrìn tí ojú kò rí yóò ha á, omi yóò mú un dípẹtà. Asẹ́ ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí iyanrìn àti omi má baà wọlé.

Ọ̀nà tí epo ń gbà nínú lọ́rì àtijọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Ó ń ti inú táǹkì bọ̀ sínú ìkòkò kékeré tí ń gba omi dúró, ó ń gba pọ́ǹpù kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tí a lè fi ọwọ́ tẹ̀, ó ń lọ sínú asẹ́ ńlá, kí ó tó dé pọ́ǹpù àgbà àti nọ́sù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ọ̀nà yìí ní apá méjì. Láti táǹkì dé pọ́ǹpù kékeré, fífà ni à ń fa epo. Láti pọ́ǹpù kékeré lọ síwájú, títì ni à ń tì í. Gbogbo wa ni a ti fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fa omi mu rí nígbà tí a wà ní kékeré. Bí ihò bá wà lára ọ̀pá náà, ǹjẹ́ omi a máa kán níbẹ̀ bí a ti ń fà á? Kì í kán. Afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọ̀ ọ́, omi kò sì níí dé ẹnu wa dáadáa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti lọ́rì. Bí ó bá ń jò ní apá títì, epo yóò kán sílẹ̀, a ó rí i. Bí ó bá ń jò ní apá fífà, ó lè má kán rárá nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọlé, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa ṣe bí ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń dà láàmú.

Àmì rẹ̀ nìyí. Ní àárọ̀, lọ́rì kò níí tètè dáhùn, nítorí epo ti padà sínú táǹkì lóru. Bí ó bá dáhùn, yóò máa gbọ̀n, ariwo rẹ̀ yóò máa lọ sókè yóò máa bọ̀ nílẹ̀. Bí ó bá dé ẹsẹ̀ òkè pẹ̀lú ẹrù, agbára rẹ̀ yóò tán. Nígbà náà ni wọn yóò sọ fún ọlọ́kọ̀ pé bátìrì ti kú, yóò ra bátìrì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọn yóò sọ pé pọ́ǹpù àgbà ni, wọn yóò tú u, owó ńlá yóò lọ. Mo mọ lọ́rì kan tí wọ́n tú pọ́ǹpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́rin, kí mẹkáníìkì àgbà kan tó yọ róbà roboto inú asẹ́ rẹ̀ tí ó ti gbẹ bí awọ bàtà, tí ó fi tuntun sí i, tí gbogbo àìsàn náà sì tán lọ́jọ́ náà.

Mo bẹ mẹkáníìkì àgbà náà pé kí ó fi iṣẹ́ náà hàn mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ohun àkọ́kọ́ ni kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí a má sì fi sìgá tàbí iná sún mọ́ ibẹ̀. Kí a fọ gbogbo ara asẹ́ náà àti àwọn páìpù tí ó yí i ká mọ́, kí a nù ún gbẹ, kí a wá fọ́n ẹfun lẹ́búlẹ́bú sí i. Bí a bá fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré, tàbí tí a ta ẹ́ńjìnnì díẹ̀, ibi tí ẹfun bá ti kọ́kọ́ tutù lókè ni epo ti ń jáde. Nítorí pé ibi tí epo ti ń kán kọ́ ni ibi tí ó ti ń jò. Epo a máa ṣàn gba ara irin lọ kí ó tó wá ibi tí yóò kán sí. Àwọn tí ń wo ìdí ìkòkò nìkan, orí ìkòkò ni àrùn wọn wà.

Lára lọ́rì àtijọ́, ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó sábà máa ń jẹ́. Èkíní ni róbà roboto tí ó wà láàárín ìkòkò asẹ́ àti orí rẹ̀. Bí a bá ti ń pààrọ̀ asẹ́, róbà tuntun ni kí a fi sí i, kí a fi dísẹ̀lì pa á lára kí ó má baà lọ́ pọ̀. Kí a sì rí i dájú pé ti àtijọ́ kò lẹ̀ mọ́ orí lókè, nítorí pé bí róbà méjì bá jókòó léra wọn, yóò jò ju ti ìṣáájú lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni kò mọ èyí. Èkejì ni àwọn wọ́ṣà bàbà tí ó wà ní apá méjèèjì bóòtù tí ó so páìpù mọ́ asẹ́. Bàbà a máa le bí a bá ti dè é, tí a tú u, tí a tún dè é. Bí tuntun kò bá sí nítòsí, kí a fi iná yan án títí yóò fi pọ́n, kí a jẹ́ kí ó tutù, yóò rọ̀ padà, yóò sì tún dì mú dáadáa. (Jìnnà sí lọ́rì ni kí a ti yan án o!) Ẹ̀kẹta ni bóòtù àárín tí ó gbé ìkòkò náà ró, òun náà ní wọ́ṣà tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni rọ́bà páìpù tí ó ti sán àti irin tí ó fún un lọ́rùn.

Ní ti dídè, mẹkáníìkì àgbà yìí fi ohùn líle sọ̀rọ̀. Ó ní agbára apá kọ́ ni ń dá epo dúró, wọ́ṣà ni. Orí asẹ́ kì í ṣe irin líle. Ẹni tí ó bá fi sípánà gígùn rọ̀ mọ́ ọn yóò fa ẹyín bóòtù já, wọn yóò sì ra odidi orí asẹ́ nítorí róbà kékeré.

Bí a bá ti tú asẹ́, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ lé e jáde. Kí a tú bóòtù kékeré tí ó wà lórí asẹ́ díẹ̀, kí a máa fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré. Ìfóòfó ni yóò kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí ó bá di epo gidi tí kò ní ìfóòfó, kí a dè é kí a tó fi ọwọ́ sílẹ̀. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti pọ́ǹpù àgbà pẹ̀lú. Kí a gbé páànù sí abẹ́ rẹ̀ kí epo náà má ṣòfò sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọwọ́ lásán wá ibi tí ó ń jò lára páìpù nọ́sù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, nítorí pé agbára epo níbẹ̀ lè gún awọ ara wọlé, ilé ìwòsàn ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i pé kò sí ohun ìyanu nínú iṣẹ́ yìí? Ìdajì ọjọ́ ti tó fún un. Kí ni ó wá fà á tí ó fi jẹ́ pé ọṣẹ ni à ń rí lára asẹ́ lọ́rì wa? Ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n pò mọ́ òwú! Ọṣẹ lè dá ihò táǹkì dúró fún ìrìn àjò kan kí a fi dé ilé, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n lórí ẹ́ńjìnnì tí ń gbóná tí ó sì ń gbọ̀n, kò lè dúró. Àwọn mìíràn a gé tíúbù táyà ṣe róbà. Dísẹ̀lì a máa jẹ irú róbà bẹ́ẹ̀, yóò wú, yóò rọ̀, yóò sì fọ́. Àwọn mìíràn a yí téèpù funfun ti àwọn oníṣẹ́ omi ẹ̀rọ mọ́ bóòtù, fọ́nrán téèpù náà yóò sì já wọ inú ọ̀nà epo, yóò lọ dí nọ́sù.

Ẹ má gbàgbé omi. Ní oṣù October 2022, nígbà tí Ọya àti Bẹ́núé kún bo títì láàárín Lọ́kọ́ja àti Kọ́tọ́n Kàrfì, táńkà epo dúró pa lójú ọ̀nà títí epo fi wọ́n ní Abuja, àwọn lọ́rì kan sì fi agbára la inú omi kọjá. Lọ́rì tí omi bá ti bo ìdérí táǹkì rẹ̀ rí, kí ẹni tí ó ni ín má ṣe tan ara rẹ̀: ìpẹtà lè ti wà nísàlẹ̀ táǹkì. Omi wúwo ju dísẹ̀lì lọ, ìsàlẹ̀ ìkòkò ni í dúró. Ní àràárọ̀ kí dírẹ́bà tó ta ẹ́ńjìnnì, kí ó tú bóòtù ìsàlẹ̀ ìkòkò náà, kí ó gbọn omi náà sínú agolo títí epo yóò fi mọ́.

Ìpalára rẹ̀ kò sì mọ sí orí ẹ́ńjìnnì. Dísẹ̀lì lórí ọ̀dà a máa yọ̀ bí ilá, ẹni tí ń gun ọ̀kadà ni ó sì sábà máa ń ṣubú níbẹ̀. Òótọ́ ni pé dísẹ̀lì kì í tètè gbiná bí pẹtiróòlù, ṣùgbọ́n bí ó bá ń kán sórí irin tí èéfín gbígbóná ń gbà jáde nínú ẹ́ńjìnnì, yóò gbiná, àwọn òwú tí wọ́n fi dí i yóò sì ràn án lọ́wọ́. Àwa ará Lọ́kọ́ja mọ ohun tí iná ọkọ̀ ń jẹ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù September 2020, ní Fẹ̀lẹ̀lẹ̀, táńkà pẹtiróòlù tí ìjánu rẹ̀ kọ̀ ṣubú, ó gbiná, ènìyàn tí ó lé ní ogún kú, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wà nínú wọn. Ti ọjọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ asẹ́ epo, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà wọ́n pọ̀. Mo kàn ń béèrè lọ́wọ́ àwa tí a sin òkú ni pé, báwo ni a ṣe lè rí ọkọ̀ tí ń jò kí a sì máa kó ẹrù àti ènìyàn sí i?

Wàyí o, ta ni ó jẹ̀bi? Gbogbo ènìyàn ni ó ń nàka sí dírẹ́bà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo irú àdéhùn tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ń bá dírẹ́bà ṣe. Dírẹ́bà yóò jẹ́ iye owó kan fún ọlọ́kọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹrù ìbáà pọ̀, ẹrù ìbáà má pọ̀. Àtúnṣe ńlá jẹ́ ti ọlọ́kọ̀, àtúnṣe “kékeré” jẹ́ ti dírẹ́bà. Asẹ́, róbà àti wọ́ṣà wà nínú “kékeré”. Bí dírẹ́bà bá ra asẹ́ tuntun, inú oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni owó náà ti jáde. Bí ó bá fi ọṣẹ dí i títí pọ́ǹpù àgbà fi bàjẹ́, ọlọ́kọ̀ ni yóò san án. Àdéhùn tí ó jẹ́ kí ọṣẹ pọ́n ju asẹ́ lọ fún dírẹ́bà, ọlọ́kọ̀ ni ó kọ ọ́. Òun ni kí ó tún un kọ.

Àwọn ọlọ́kọ̀ yóò wí pé bí àwọn bá gbà láti máa san owó asẹ́, àwọn dírẹ́bà yóò sọ ọ́ di orísun owó, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni asẹ́ yóò máa bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe asán, a mọ ara wa. Ṣùgbọ́n oògùn rẹ̀ rọrùn: kí dírẹ́bà kó asẹ́ àtijọ́, róbà àtijọ́ àti wọ́ṣà àtijọ́ wá sílé kí ó tó gba owó. Kí ọlọ́kọ̀ gé asẹ́ náà sí méjì kí ó wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Yóò kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ibi tí dírẹ́bà rẹ̀ ti ń ra epo ju èyí tí ìbéèrè ogún lè kọ́ ọ.

Ẹ sì jẹ́ kí a ṣe ìṣirò, nítorí oníṣòwò ni wá. Kí ọlọ́kọ̀ gbé ìgò 75cl sí abẹ́ ibi tí ó ń kán láti àárọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ó bá kún ẹ̀ẹ̀kan péré, lítà 22 àti ààbọ̀ ni yóò jẹ́ ní 30 ọjọ́. Dísẹ̀lì tí a ń rà ní bíi 288 naira ní January 2022 ti kọjá 700 naira ní July ọdún náà. Ní April 2024, nígbà tí ilé ìfọpo Dangote tilẹ̀ dín owó rẹ̀ kù, 1,000 naira ni ó dín in sí. Bí a bá fi iye yẹn ṣírò, 22,500 naira ni ó ń kán sílẹ̀ lóṣù, a kò tíì ka tòmátì tí ó rà lójú ọ̀nà.

Àwa tí a ń kó ẹrù náà ní ipa tiwa. Ọkọ̀ tí owó rẹ̀ rọjú jù ni a ń sáré tọ̀ lọ, a kì í sì í wo abẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta síwájú ìpàdé gbogboogbò tí ó ń bọ̀. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ní lọ́rì gbà pé owó asẹ́ àti ohun gbogbo tí ó bá a lọ wà lọ́rùn ọlọ́kọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Kí ẹ̀ka wa ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ láti ra asẹ́, róbà àti wọ́ṣà bàbà tí kì í ṣe ayédèrú, kí a máa tà á fún àwọn ọlọ́kọ̀ wa ní iye tí a rà á. Mo ti béèrè iye owó wọn ní ọjà, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má sì kó ẹrù sínú lọ́rì tí epo ń kán lábẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ọmọ ìyá rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní lọ́rì tí ó sì tako ohun tí mo kọ yìí, kí ó kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ṣáájú ìpàdé. Bí kò bá lè kọ ọ́, kí ó wá sọ ọ́ fún mi ní ìsọ̀ mi kí n bá a kọ ọ́. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ojú ìwé yìí kan náà, láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀.